Kí Ọjà Wa Hàn, Kí Ìwà Wa Má Bàjẹ́

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìbànújẹ́ ló mú wọn pa òwe yẹn. Ṣùgbọ́n láyé íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ti sọ ọ́ di àwáwí. Bí o bá ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń tà ní tòótọ́ sójú òpó wọn, wọ́n á ní olóòótọ́ kì í dé ojú ewé àkọ́kọ́ lórí Google. Mo fẹ́ bá wọn jiyàn, torí ìtàn ẹ̀rọ ìṣàwárí náà fúnra rẹ̀ kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Lọ́dún 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Stanford, ẹ̀rí ẹlòmíràn ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lé. Bí ojú òpó kan bá fi líǹkì tọ́ka sí òmíràn, ẹ̀rọ náà á kà á sí ẹ̀rí. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá sì ń tọ́ka sí ẹni tó jẹ́rìí, ẹ̀rí tirẹ̀ á wúwo ju ti ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí àwọn òbí wa ṣe ń ṣèwádìí kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ nìyẹn: wọn kì í bi ọkọ ìyàwó léèrè ìwà ara rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń bi.

Níbi tí ẹ̀rí bá sì ti níye lórí, ẹlẹ́rìí èké kì í pẹ́ dé. Àwọn kan ń ra líǹkì. Àwọn mìíràn ń kọ orúkọ ọjà kan ṣoṣo léraléra, wọ́n á fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sórí ojú ewé funfun, kí ẹ̀rọ rí i, kí ojú èèyàn má rí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà bá wọn dá a. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Google yọ ojú òpó BMW ti Jámánì kúrò nínú àbájáde rẹ̀, torí pé ojú ewé tí ẹ̀rọ ń rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí èèyàn ń rí. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n ti tún un ṣe, ó padà wọlé.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ọkùnrin kan tó ń ta awò ojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Brooklyn, ní New York. Lọ́dún 2010, ó la ẹnu rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ń bú àwọn oníbàárà òun, òun sì ń halẹ̀ mọ́ wọn. Ó ní bí wọ́n bá ṣe ń pariwo òun tó káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì ni orúkọ òun ń gòkè tó lórí Google. Ẹ gbọ́ o: ẹkún oníbàárà ló fi ń polówó ọjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Google kéde pé àwọn ti tún ẹ̀rọ àwọn ṣe kí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀. Nínú oṣù kan náà ni ọwọ́ òfin tẹ̀ ẹ́, nígbà tó sì di ọdún 2012, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dunjú. Ó kàn gbàgbé pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nídìí gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń tẹ̀ sínú rẹ̀.

Ká wá wo obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tó fẹ́ kí wọ́n rí òun láti Èkó àti London. Àkọlé ojú ewé rẹ̀ wà lára ohun tí Google ń wò. Bó bá kọ "Àdìrẹ oníko àti ẹlẹ́kọ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta", ẹni tó ń wá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ á tètè mọ̀ pé òun ti débi tó yẹ. "A dára jù lágbàáyé" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Bí aṣọ inú igbá rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pe aṣọ ẹ̀rọ ní iṣẹ́ ọwọ́ ti jí oúnjẹ lẹ́nu àwọn ìyá tó ń di ìko mọ́ aṣọ oníko, tí wọ́n ń fi láfún ya ọnà sára ẹlẹ́kọ, tí aró ń dúdú mọ́ èékánná wọn. Ìbáà gbé e dé òkè Google, olè ni.

Àwòrán aṣọ ńkọ́? Lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, àyè wà láti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Google ń ka ọ̀rọ̀ yìí, afọ́jú tí fóònù rẹ̀ ń kàwé sí i létí náà sì ń gbọ́ ọ. Kí a má fi àwòrán rẹpẹtẹ di ojú ewé lẹ́rù, torí láti oṣù keje ọdún 2018 ni Google ti ń ka ìyára ojú ewé lórí fóònù mọ́ ohun tó fi ń to àbájáde. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò kà á, owó ẹlòmíràn ni dátà tí ojú ewé wa ń jẹ, kò sì dáa ká máa fi ṣòfò.

Àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti àkókò tí a ń ṣí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ bára mu níbi gbogbo, títí dé orí máàpù Google tí a lè forúkọ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ṣágámù tó bá ilẹ̀kùn ní títì ti rí irọ́ tí a pa fún un.

Ní ti ẹ̀rí àwọn oníbàárà, ìràwọ̀ márùn-ún tí a fowó rà ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin ní Amẹ́ríkà láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, àti ní Bìrìtìkó láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn ọmọ wa tó ń tajà níbẹ̀ ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ bẹ àwọn tó rajà ní tòótọ́ pé kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí. Bí ẹnì kan bá sì wá bínú, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn ní gbangba, kí ẹ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Àwọn kan á wá bá yín pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn á gbé yín sípò kìíní. Google fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ṣì ń gbowó lórí ọ̀rọ̀ ìṣàwárí tí wọ́n ń tò pamọ́ sí orí ojú ewé, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 ni Google ti sọ pé òun kì í fi í to àbájáde. Kí ojú òpó tó gòkè ní tòótọ́, oṣù púpọ̀ ló ń gbà, ó lè tó ọdún kan.

Láàárín àkókò yẹn, ẹ máa wo Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ Google tó ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín hàn. Bí aládìrẹ wa bá rí i níbẹ̀ pé ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń wá, tó sì jẹ́ oníko nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ sójú ewé rẹ̀ pé òun kò ní ẹlẹ́kọ mọ́, kó sì fi líǹkì tọ́ka sí aládùúgbò rẹ̀ tó ní i.