Òkè Kò Ṣí, Òkun Kò Sinmi

Ẹni tí a bí sí Arígidi Àkókó, láàárín àpáta tí baba-ńlá rẹ̀ bá níbẹ̀ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò sì tún bá níbẹ̀, kì í ṣòro fún un láti gbà pé ohun tí Elédùmarè bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣí i nípò. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti ìyàwó mi gba Ìkàrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kọjá, tí a wakọ̀ já Òkìtìpupa dé Igbókọ̀dá, tí a sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò létí òkun, ìgbàgbọ́ yìí bá ìbéèrè pàdé.

Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́, tí inúnibíni lé kúrò nílé, tẹ ìlú náà dó lórí ẹrẹ̀ ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n sọ ohun gbogbo di àjùmọ̀ní, tí wọ́n ń kan ọkọ̀, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí iná mànàmáná fi ń tàn níbẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Lónìí, òkun ń gbé e mì. Ìyá àgbà kan na ọwọ́ sójú omi, ó ní ibẹ̀ ni yàrá tí wọ́n bí òun sí wà. Òpó igi mélòó kan ló ṣẹ́kù, ìgbì ń gbá wọn.

Mo ní, “Ṣé Ọlọ́run gbàgbé àwọn tó fi gbogbo ohun ìní wọn fún un ni?”

Ìyàwó mi dáhùn pé, “Olówó orí mi, òkun kò lè gba oúnjẹ tí wọ́n ti jọ pín jẹ.”

Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n odi ìdènà omi tí a ti ń ṣèlérí fún wọn láti ọdún pípẹ́, tí a kò sì mọ fún wọn, ènìyàn ló jẹ wọ́n ní gbèsè rẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run. Orí èyí ni a ti ń jiyàn títí a fi dé Orè lójú ọ̀nà ilé.