ORÚNKÚN TÍ A FI Ń KÍRUN, ÀMÁÀNÀ NI

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin tí a jọ tẹ̀dó sí Kánò yìí, àga ń pọ̀ sí i lẹ́yìn sáàfù wa. Àwọn àgbà mìíràn kò tilẹ̀ wá sí jámáà mọ́. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Orúnkún ni. Kádàrá ni."

Òtítọ́ ni kádàrá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará oko Lárúbáwá bi Ànábì bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, ó ní kí wọ́n wá a, pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun kò dá oògùn rẹ̀, àfi ogbó. Ẹnìkan lè sọ pé, "Ogbó náà ni orúnkún yìí." Ogbó nìkan kọ́. Ara sísan jù, ìfarapa àtijọ́ àti itan tí kò lágbára mọ́ wà nínú ohun tí ó ń fà á.

Ohun rírọ̀, dídán, tí Ọlọ́hun fi bo orí eegun ni ó ń jẹ lọ, tí oríkèé fi ń le, tí ó sì ń ro. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun rírọ̀ náà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Bí a bá ń lo ẹsẹ̀ ni oúnjẹ fi ń dé inú rẹ̀. Iṣan itan ni ó sì ń bá orúnkún gbé ẹrù. Ẹni tí ó bá jókòó sídìí ọjà láti àárọ̀ di alẹ́, itan rẹ̀ á rọ, orúnkún nìkan á wá máa ru gbogbo ẹrù.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi fi eré ìdárayá ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ní Denmark, ètò GLA:D tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2013 jẹ́ ìdárayá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, lójú olùkọ́. Ẹ kíyè sí i: lójú olùkọ́. Bí ọmọ kéú kò ti lè dá kọ́ Kùránì láìsí àfáà tí yóò tún ahọ́n rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìdárayá yìí rí. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala níhìn-ín. Ẹ béèrè ẹ̀ka físíótẹ́rápì.

Wọ́n lè ní kí ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí ẹ dá a dúró díẹ̀, kí ẹ rọra gbé e sílẹ̀. Tàbí kí ẹ máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í. Bí ó bá ro díẹ̀ tí ó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò léwu. Bí ó bá wú, tàbí tí ìrora rẹ̀ pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù. Bí ó bá gbóná pẹ̀lú ibà, ẹ tètè lọ rí dókítà. Oògùn ara ríro tí à ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbéèrè lè dá ọgbẹ́ sínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Títí ara yóò fi yá, ẹ jókòó kírun láìtijú; Ànábì yọ̀ǹda rẹ̀ fún Imran ọmọ Husayn nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àga dípò ìtọ́jú.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó ra aṣọ Iléyá fún ìyá yín, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí Dala.

Hádíìsì kọ́ wa pé oríkèé 360 ni ó wà lára ènìyàn, a sì jẹ sàárà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba àmáànà Rẹ̀ jẹ́. Àmín.

Wàsàlámù.