Ìhàlẹ̀ Ni Tàbí Òótọ́?

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ pókà tí àwa ọ̀dọ́ ń ta nígbà ìsinmi ní Arimogija ni mo gbé wá. Káàdì 8 méjì wà lọ́wọ́ mi, ọba àti ayaba wà nílẹ̀, kò sí ṣíṣí mọ́. Owó àárín jẹ́ náírà 300. Ẹnìkejì mi fi 300 mìíràn lé e. Kí n san tèmi, tàbí kí n da káàdì nù?

Àwọn òǹwòran a máa pe ẹni tí ó bá dà á nù ní ojo. N kò gbà. Ẹni tí ó ń san 300 láti jẹ 600, bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí ó jẹ lẹ́ẹ̀kan, kò jèrè, kò pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń halẹ̀ nìkan ni 8 méjì lè borí. Ìwà ọmọnìkejì mi ni mo ń wọ̀n, kì í ṣe káàdì.

Àgbẹ̀ tí kì í rẹ́ni jẹ lọ́jà ni. Síbẹ̀, ìhàlẹ̀ kì í ṣe irọ́ níbi tí gbogbo wa ti fọwọ́ sí i. Òótọ́ rẹ̀ lọ́jà kò jẹ́rìí nídìí tẹ́tẹ́. Bí n kò bá tí ì rí i kí ó halẹ̀ níbẹ̀ rí, n óò dà á nù, kí wọ́n máa wí.