ÀṢÍBORÍ KAN, ORÍ MÉJÌ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Nínú òwe yìí ni ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá wa rò. Orí ta ni ó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́? Tirẹ̀ nìkan ni bí? Bí ẹnì kan bá sì wí pé, "Orí mi ni, bí ó bá wù mí n ó ṣọ́ ọ, bí kò bá wù mí n ó fi í sílẹ̀," ǹjẹ́ ó sọ òtítọ́? Ọ̀ràn alùpùpù ni ó mú wa dé ìdí ìbéèrè yìí, kì í sì í ṣe inú ìwé ni a ti kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ẹni tí ó bá ní alùpùpù ní ilẹ̀ Ìbàràpá kò ní láti rìn jìnnà kí ojú rẹ̀ tó rí ohun tí ó dára. Ìlú méje ni a ń pè ní Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Bí a bá kúrò ní Igbó-Ọrà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tí a kọjú sí Ìdèrè, kò ní pẹ́ tí òkè yóò fi yọ sí wa. Bí a bá yà sí apá Èrúwà, àpáta ńláńlá ni yóò pàdé wa, bí agbo erin tí ó dùbúlẹ̀ sinmi. Ẹni tí ó bá sì ní agbára àti epo tí ó tó, ó lè gba Lánlátẹ̀ kọjá lọ sí Adó-Àwáyè, níbi tí adágún omi Ìyàkẹ gbé wà ní orí òkè, ohun tí ojú kì í rí níbi púpọ̀ ní ayé. Ní ìgbà òjò, àgbàdo yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ̀gúsí yóò sì ti fà bo ilẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ìkúukùu yóò bo òkè títí oòrùn yóò fi ká a kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ọgbọ́n tí a fi ń rí ọ̀nà tí ó lẹ́wà kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni kí a tètè jí, kí a ti wà lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ akẹ́rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá eruku sílẹ̀. Èkejì ni kí a máa ya kúrò lórí ọ̀dà sí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọdẹ léèrè bí afárá iwájú bá ṣì dúró. Ẹ̀kẹta ni kí a má ṣe kánjú, nítorí ẹni tí ó ń sáré kì í rí nǹkan kan ju ilẹ̀ tí ó wà níwájú táyà rẹ̀. Ayọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó dá òkè dá ojú tí a fi ń wò ó pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ àṣà kan tí a ní nígbà náà. A ní àṣíborí, èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń pè ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì. Orí ọwọ́ alùpùpù ni a sì máa ń fi í kọ́ sí. Ó ń móoru, kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹyẹ, kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn kan orí wa, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn yẹn gan-an ni ìdajì adùn ìrìn-àjò náà. Bí a bá gbọ́ pé àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà níwájú, a ó dé e. Bí a bá ti kọjá wọn, a ó ṣí i.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìgbà ọyẹ́, ọmọ kan nínú àwọn akọrin wa, ọmọ ọdún 11, bẹ̀ wá pé kí a gbé òun lọ wo òkè Ìdèrè. Ìyá rẹ̀ gbà, ó sì wí pé, "Tíṣà, ẹ̀yin ni mo fi í lé lọ́wọ́ o." Àṣíborí kan ṣoṣo ni a ní. Nígbà tí a ń lọ, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé e. Nígbà tí a ń bọ̀, a gbọ́ pé àwọn Ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà, a sì mú un dé orí ara wa. Ọmọ náà bi wá pé, "Tíṣà, ṣé àwọn Ẹ̀ṣọ́ ni ẹ ń dé e fún ni?" A rẹ́rìn-ín, a kò dá a lóhùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ kan sáré yọ láti inú igbó. A fẹ́ yà fún un, táyà yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, àwa méjèèjì sì ṣubú. Orí wa gbá òkúta. Àṣíborí là, àwa dìde. Ọmọ náà kò dìde.

Ọlọ́run ṣàánú, kò kú. Wọ́n rán ojú egbò náà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì sùn ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. A ti múra sílẹ̀ fún ìbínú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó wo ọmọ, ó wo àwa, ó sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Tíṣà, ẹ̀yin dé tiyín." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ti ń bá wa gbé.

Ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ ní Dorset. Ó yà fún àwọn ọmọdékùnrin méjì tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù náà. Kò dé àṣíborí. Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn dókítà tí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkójọ ọ̀ràn àwọn tí alùpùpù pa, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1941: láàrin oṣù 21 àkọ́kọ́ nínú ogun ìgbà náà, ènìyàn 2,279 ni ó kú lórí alùpùpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí a gbé sẹ́yìn sì wà nínú wọn. Àwọn méje péré ni ó rí tí wọ́n dé àṣíborí nígbà tí wọ́n ṣubú; kò sí èyí tí ó kú nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni àwọn ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ogun tí ń gun alùpùpù lẹ́nu iṣẹ́ máa dé e. Ní 2008, àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ rí i pé àṣíborí a máa dín ewu ikú kù ní ìwọ̀n 42 nínú 100, a sì máa dín ọgbẹ́ orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú 100.

Kì í ṣe líle rẹ̀ nìkan ni ó ń gba orí là. Bí orí bá gbá òkúta, agbárí dúró lójijì, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì dúró. Yóò lọ gbá ara rẹ̀ mọ́ agbárí. Fóòmù tí ó wà nínú àṣíborí ni ó ń fọ́ dípò orí, tí ó sì ń mú kí ìdúró náà pẹ́ díẹ̀. Nítorí náà, àṣíborí tí ó ti là ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, a kò sì gbọdọ̀ dé e mọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba ni ó ń da ni láàmú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1988 tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí káàkiri Nàìjíríà. Ẹ ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ọlọ́kadà mìíràn gé igbá, ó fi okùn sí i, ó sì dé e, ẹlòmíràn dé ìkòkò. Àwọn èrò kọ̀ láti dé ti ọlọ́kadà, wọ́n ní ó lè jẹ́ oògùn ni ó wà nínú rẹ̀ tí yóò sọ àwọn di àwátì. Gbogbo ayé fi oníigbá ṣe ẹlẹ́yà, àwa náà sì wà nínú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oníigbá náà àti àwa? Ojú Ẹ̀ṣọ́ ni ó dé igbá fún. Ojú Ẹ̀ṣọ́ ni àwa náà dé àṣíborí fún. Ẹni tí ń pa òfin mọ́ nítorí ojú ayé, igbá ni ó dé, bí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó.

Àwọn mìíràn yóò wí pé Ọlọ́run ni í ṣọ́ni, àti pé ohun tí a kò bá yàn mọ́ni kò lè dé bá ni. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́run ni í ṣọ́ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ a máa ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní alẹ́. Nígbà tí Èṣù gbé Olúwa wa dúró ní ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì tí ó sì rọ̀ ọ́ láti bẹ́ sílẹ̀, kò bẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ìdánwò. Ẹ sì wo òfin inú ìwé Deutarónómì, orí 22, pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun mọ ògiri kúkurú yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má bàa wà lórí ilé náà. Òfin náà kò bi onílé bí òun fúnra rẹ̀ yóò bá ṣubú. Onílé mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ parí sí. Àlejò ni kò mọ̀.

Ó wá ku ẹni tí ó wí pé, "Orí mi ni." A kò fẹ́ fi ojú kéré rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ àṣíborí di dandan ní 1973, àwọn ẹlẹ́sìn Síìkì tí ń wé láwàní wí pé ẹ̀rí-ọkàn àwọn kò jẹ́ kí àwọn ṣí i, ìgbìmọ̀ aṣòfin sì yọ̀ǹda fún wọn ní 1976. Òmìnira ènìyàn lórí ara rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n nítorí ìgbàgbọ́ ni wọ́n ṣe sọ tiwọn. Nítorí atẹ́gùn ni àwa ṣe ń ṣe tiwa. Bí orí wa bá sì fọ́, aya wa ni yóò gbé ẹkún, ọmọ wa ni yóò fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹbí ni yóò dá owó ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí a bá gbé ẹlòmíràn sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ "orí mi" ti parí pátápátá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Báwo ni àgbà yóò ṣe wà lórí alùpùpù kí orí ọmọ ẹlẹ́yìn rẹ̀ wà ní ìhòòhò?

Ta ni ì bá dé àṣíborí kan náà ní ọjọ́ yẹn? Fún ìgbà pípẹ́ ni a fi ń dáhùn pé ọmọ ni. Ìdáhùn yìí sàn ju ohun tí a ṣe lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Àṣíborí àgbà tóbi fún orí ọmọdé; yóò yí, yóò sì bọ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Bí awakọ̀ bá sì kú níwájú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn? Ìdáhùn tí ó tọ́ ni èyí tí adùn ìrìn-àjò kò jẹ́ kí a rí: kí a má lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá tí ó gun ọ̀kadà gbé ọmọ aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru lè má ní ohun mìíràn láti ṣe, a kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n fàájì ni tiwa. Òkè Ìdèrè ti wà níbẹ̀ kí a tó bí wa. Ì bá dúró dè wá títí a ó fi ra àṣíborí kejì.

A ti rà á báyìí, ní ìwọ̀n orí ọmọdé, okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì le dáadáa. A ṣì ń jáde ní òwúrọ̀ Sátidé. Ó ṣì ń móoru, a kò sì gbọ́ ohùn ẹyẹ bí ti àtijọ́. Nítorí náà, a máa ń dúró ní ìdí òkè, a ó pa ẹ̀rọ, a ó ṣí àṣíborí, a ó sì fetí sílẹ̀. Ọmọ náà ti dàgbà, ó sì ṣì ń kọrin. Nígbàkígbà tí ó bá gbé ojú sókè láti kọ ohùn òkè, a ń rí àpá náà. Kò bi wá ní ìbéèrè rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dá a lóhùn, a sì dá a lóhùn níhìn-ín: rárá, ọmọ wa, kì í ṣe nítorí àwọn Ẹ̀ṣọ́.