Kí Omi Máa Hó De Àgbàdo

Ọjọ́ tí a bá ríbi nibi ń wọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àgbàdo sísè tó rọ̀ tó sì dùn, òwe yìí ni kó gbé dé ìdí ààrò, kì í ṣe èyí tó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ ní ààyè tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àgbàdo lánàá, tó wá ń sè é lónìí, ti pàdánù ohun tí iná kankan kò lè dá padà.

Òjò Òkè-Ògùn kì í tètè dé bíi ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí àgbàdo tútù bá ti kún ọjà Ìbàdàn, ti Ìgbẹ́tì ní Òkè-Ògùn ṣì lè máa yọ irun lọ́wọ́. Tó bá wá di oṣù keje sí ìkẹjọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ á ti gbé omi kaná kó tó rán ọmọ lọ sí oko etílé. Àsọdùn kọ́. Láti ìgbà tí a bá ti ya àgbàdo lára igi ni ṣúgà inú hóró rẹ̀ ti ń di ìyẹ̀fun, oòrùn ọ̀sán sì ń lé e lẹ́yìn.

Irun orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbẹ, kí háhá rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ fi èékánná tẹ hóró kan. Bí oje rẹ̀ bá mọ́ gaara, kò tíì tó. Bó bá funfun, tó ki díẹ̀, òun nìyẹn. Èyí tí èékánná kò bá wọ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ, ògì àti ẹ̀gbo ló yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú ìkòkò, àgbàdo tó ti gbó ló ń sè.

Àwọn àgbà ní ìhòòhò ni àgbàdo wọ ilẹ̀, igba aṣọ ló kó bọ̀. Kí ló wá dé tí a fi ń bọ́ gbogbo aṣọ náà dànù létí ìkòkò? Ẹ bọ́ èyí tó le lóde, kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ tẹ́ díẹ̀ nínú èyí tí ẹ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ fi ìyókù bò ó lórí. Inú háhá àti irun yẹn ni òórùn oko wà. Àwọn kan a máa bu ṣúgà sí i. Ẹnu wọn ni. Àgbàdo tí a yà lásìkò kò bẹ̀ wọ́n.

Ó wá ku omi, ìlú òkúta sì ni Ìgbẹ́tì, ìlú Òkè Ìyámọ̀pó àti òkúta mábù. Omi tó bá gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ dé kànga a máa kó kálísíọ́mù dání, èyí tó ń mú èèpo hóró le. Ẹ kò nílò yàrá àyẹ̀wò láti mọ̀ ọ́n: omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ẹ̀wà kì í tètè rọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àsìkò òjò ni àsìkò àgbàdo tútù. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù, kí ẹ wá gbe omi òjò tí ẹ ó fi sè é.

Ibí gan-an ni ẹ̀sọ̀ ti wúlò. Tí omi bá ti hó, tí àgbàdo ti wọ inú rẹ̀, ẹ dín iná kù, ẹ dé ìkòkò, ẹ má máa ṣí i wò. Èyí tó ṣì rọ̀ á jinná ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Èyí tó ti ń gbó lè gbà tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó kà á lórí fóònù pé ìṣẹ́jú 5 ti tó, àgbàdo aládùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n kà nípa rẹ̀, irú èyí tí wọ́n dìídì mú jáde nítorí ṣúgà. Tiwa kì í ṣe irú rẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ ní ìparí tó. Ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ jáde sí atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kan náà, torí hóró rẹ̀ á hunjọ. Bí ẹ bá ṣe ń jẹ ẹ́ ni kí ẹ máa yọ ọ́ nínú omi gbígbóná.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó kò ní oko etílé, òótọ́ ni. Ẹ wo ìdí àgbàdo níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lára igi: bó bá ṣì tutù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bó bá ti gbẹ, ó ti sùn lọ́nà. Ẹ bi ìyá alágbàdo ní ìgbà tí wọ́n yà á, kí ẹ tó bi í ní iye tó ń tà á.