Àjẹ́ ké lánàá: èrò lórí àwọn òrìṣà tí a kò rí nínú eré kan

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ohun méjì péré ni a mọ̀: igbe kan àti òkú kan. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀, a kò rí i. Àwa ni a fi kún un. Nígbà tí ìtàn bá ní àlàfo, ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti dí i?

Eré fídíò kan tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ dáadáa ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Bloodborne ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ FromSoftware ní ilẹ̀ Japan ni ó ṣe é, Hidetaka Miyazaki ni ó darí iṣẹ́ náà, ó sì jáde ní ọdún 2015. Eré adẹ́rùbani ni. Ní ìlú Yharnam, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà sí ara aláìsàn láti wò ó sàn, ẹ̀jẹ̀ náà ni ó sì ń sọ àwọn ará ìlú di ẹranko. Ọdẹ ni olùṣeré. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mọ̀ pé àwọn ẹ̀dá kan tí agbára wọn ju ti ènìyàn lọ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, àwọn tí ènìyàn ń sìn bí òrìṣà. Àwọn kan rọ̀ mọ́ ara ilé bí ọmọńlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdẹ kò ní rí wọn àfi bí òye rẹ̀ bá pọ̀ tó, tàbí bí ìtàn bá ti dé ibì kan. Òmíràn ni Oedon, tí kò ní ara rárá. Ohùn nìkan ni. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe ilé ìsìn kan níbẹ̀, síbẹ̀ eré náà yóò parí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ojú kàn án.

Eré yìí kì í sọ ìtàn rẹ̀ ní tààrà. Gbólóhùn kúkúrú ni a kọ sí ara aṣọ, ohun ìjà àti oògùn; olùṣeré ni yóò ṣà wọ́n jọ. Obìnrin kan wà, Arianna, tí ó sá sí ilé ìsìn Oedon. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó bí ọmọ abàmì, a kò sì rí bàbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Oedon ni bàbá ọmọ náà, wọ́n sì ka ẹ̀rí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n. Eré náà kò dá ẹnikẹ́ni láre.

N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Miyazaki fúnra rẹ̀ ti sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun máa ń ka ìwé tí ó ju òye òun lọ, èrò ọkàn òun ni òun sì fi ń dí ibi tí kò yé òun. Àlàfo inú eré rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe, nítorí náà; ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún wa ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ó ń wá Oedon kiri ń ka gbogbo ọ̀rọ̀, ó ń fi èyí wé tọ̀hún, ó sì ń gbọ́ àtakò. Bí ó bá ṣi Oedon mú, kò sí ẹni tí yóò sunkún.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni a ń lò ní àdúgbò nígbà tí àìsàn kò bá ní orúkọ, tàbí tí ọkọ̀ bá gba ẹ̀mí ọ̀dọ́: ó kọjá níbẹ̀ lánàá, ó béèrè ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ ni aláìsàn pè lójú oorun. A ṣa ẹ̀rí jọ, wọ́n bá ara mu, inú wa sì dùn pé wọ́n bá ara mu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀kọ̀ tí a ń wá kì í dúró sí orí ẹni tí kò ní ara. Orí arúgbó kan ni ó máa ń balẹ̀ sí, opó tí ó ń dá gbé, tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Oedon kò lè jìyà àbá wa. Ìyá yìí lè jẹ ẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣà wa gbà pé ohun tí a kò rí wà. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn baba wa ní Kétu ṣe pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ìyá ní agbára ìkọ̀kọ̀: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ìbà, ijó àti orin ni wọ́n fi ń pàdé agbára náà, kí inú àwọn ìyá lè yọ́ sí ìlú. Ohun tí kò hàn sí wọn, wọ́n bu ọlá fún un. Wọn kò sọ pé ìyá lágbájá báyìí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jáwọ́ nínú àbá dídá. Ẹ kàn ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ nígbà gbogbo: ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́, ohun tí mo rò. Nínú eré, ẹni tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò pàdánù àríyànjiyàn kan. Ní ilé, ẹ̀mí ènìyàn lè bá a lọ. Òwe àwọn àgbà sì bi wá ní ìbéèrè: ta ni kò mọ̀? Kò sí ìtìjú nínú kí a dáhùn pé àwa ni.