Ife Àrọtúnrọ: Ta Ni Yóò Wọn Iye Tí A Ó Mu?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kéré lójú. Ọ̀rọ̀ ife ìmumi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó sì ti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun nínú ẹgbẹ́ wa kì í ṣe kékeré. Bí ọmọ bá ti gbó díẹ̀, tí ilé-ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìsinmi, ibi tí wọ́n sábà máa ń kó Màmá Àgbà lọ ni Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá wà. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti na ife aláràbarà kan sí i, tí wọn yóò ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ra èyí. Ẹ̀ẹ̀kan la ó sanwó, ẹ ó kàn máa rọ mínírà sínú rẹ̀ títí yóò fi sú yín." Owó rẹ̀ lé ní 20 dọ́là. Ǹjẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀?

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Walt Disney World, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971, kì í ṣe ọgbà kan ṣoṣo. Ọgbà ńlá mẹ́rin ni, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìtura tó jẹ́ tiwọn. Ife tí wọ́n ń tà nínú àwọn ilé ìtura náà, ẹni tí ó bá rà á yóò máa rọ mínírà tàbí kọfí tàbí tíì sí i, iye ìgbà tó bá wù ú, títí di ọjọ́ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àwọn ilé ìtura ni ẹ̀rọ tí ń da ohun mímu náà jáde wà. Bí ẹ bá gbé ife náà wọ inú ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ife lásán ni. Ní Universal, tí òun náà wà ní Orlando, ètò tiwọn yàtọ̀: inú ọgbà gan-an ni a ti ń rọ ọ́, ọjọ́ tí a sanwó fún nìkan ni ó sì wà fún. Bí a bá padà wá lọ́jọ́ kejì, a ó tún san owó díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí a bá rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ̀rọ tó tún dá wa lóhùn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ife mínírà kan nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí máa ń tó dọ́là mẹ́rin sí márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá mu ife márùn-ún tàbí mẹ́fà ti jẹ owó rẹ̀ tán. Màmá tó bá sùn sí ilé ìtura fún òru márùn-ún, tí kò sì lè ṣe kó má mu tíì láàárọ̀ àti kí ó tó sùn, ìṣirò gbè é. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ń jáde láago méje àárọ̀, tí ń padà dé láago mẹ́wàá alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti sùn lọ léjìká, ìgbà wo ni wọn yóò mu ún? Ohun kan sì wà tí wọn kì í kọ gàdàgbà sára ògiri: níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti mínírà nínú ọgbà Disney, bí ẹ bá ní kí wọ́n fún yín ní ife omi oníyìnyín, wọn yóò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì gbà kí ènìyàn gbé ìgò omi tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti jẹ́ ìgò onígíláàsì. Oòrùn Florida nínú oṣù keje kì í ṣe ti eré. Omi ni ara ń bèèrè níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti ìṣirò nìkan ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Èyí tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ti sanwó tán. Ẹ wo ẹni tó ra ife náà. Òùngbẹ kò gbẹ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n yóò tún dìde lọ rọ ọ́, nítorí ó ti sanwó. Yóò tún rọ ti alẹ́, kí owó má baà ṣòfò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kì í fún ní mínírà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ yóò mu mẹ́rin kí oòrùn tó wọ̀, ìyá náà gan-an ni yóò sì máa sọ pé, "Mu ún, a ti sanwó ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ owó náà ti lọ láti àárọ̀. Bí ó mu méjì, bí ó mu ogún, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tí yóò padà sínú àpò. Ohun tí ó kù tí a lè fi ṣòfò ni ara ọmọ náà. Agolo Coca-Cola kan tó gba mílílítà 355 ní ṣúgà gíráàmù 39 nínú, èyí tó súnmọ́ ṣíbí tíì mẹ́wàá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé bí àgbàlagbà bá lè dín ṣúgà tó ń jẹ kù sí nǹkan bí gíráàmù 25 lójúmọ́, àǹfààní ni fún un. Agolo kan ti kọjá ibẹ̀. N kò tí ì sọ ti àwa tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí àtọ̀gbẹ o.

Ìtàn mánà ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, nínú ìwé Ẹ́kísódù orí kẹrìndínlógún. Ẹnikẹ́ni kò sanwó mánà. Ó kún ilẹ̀ bíi ìrì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Síbẹ̀ Ọlọ́run fi òṣùwọ̀n sí i: ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ìjẹ olúkúlùkù. Ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣe aláìní, ti àwọn tó fi pamọ́ di ọjọ́ kejì sì yọ ìdin, ó ń rùn. A máa ń wàásù rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni pẹ̀lú. Nígbà tí ife mínírà kan bá jẹ́ dọ́là mẹ́rin, owó ni ó ń bá wa wọ̀n ọ́n: a ó mu ọ̀kan, a ó sinmi. Ife àrọtúnrọ gbé òṣùwọ̀n yẹn kúrò, kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó rà á ni yóò mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá láti ilé.

Baba wa John Wesley mọ nǹkan kan nípa èyí. Nínú ìwàásù kan tí ó kọ ní ìgbà ogbó rẹ̀, ó sọ nípa ọ̀kan lára àwọn Elétò àkọ́kọ́ ní Oxford. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ọkùnrin náà gba 30 pọ́n-ùn lọ́dún kan, ó fi 28 jẹun, ó sì fi méjì ta àwọn tálákà lọ́rẹ. Lọ́dún kejì owó rẹ̀ di 60. Ó ṣì fi 28 jẹun, ó fi 32 tọrẹ. Nígbà tí ó di ọdún kẹrin ó gba 120, 28 náà ni ó fi jẹun, ó sì fi 92 tọrẹ. Kì í ṣe pé kò mọ adùn nǹkan. Kí owó tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti mọ ibi tí òun yóò mu dé. A kò lè retí irú èyí lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje tó dúró níwájú ẹ̀rọ tí ń da mínírà oríṣiríṣi jáde. A lè retí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àti lọ́wọ́ Màmá Àgbà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé, "Màámi, ẹ má fi ìwàásù ba ọlidé jẹ́." Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá kó ọmọ mẹ́ta lọ síbi tó gbóná, tí ọ̀kan ń ké fún mínírà bí èkejì ti ń mu tirẹ̀ tán, gbogbo wákàtí ni yóò máa dájọ́: rà á, má rà á. Kí a sanwó lẹ́ẹ̀kan kí a yé ka owó, ìsinmi gidi ni. Obìnrin tó ti ń ka owó láti ìgbà tó ti wà nílé ọkọ, ọjọ́ mẹ́rin tí kò ní ka owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ìyẹn bá ni ó ń rà, ó mọ ohun tó ń rà, n kò sì ní bá a jà.

Ti náírà ńkọ́? Ó dá mi lójú pé gbogbo ìyá tó bá ti ilé lọ síbẹ̀ ló ń sọ dọ́là di náírà lọ́kàn. Ní ìparí ọdún 2024, dọ́là kan lé ní 1,500 náírà, nítorí náà ife náà ti kọjá 30,000 náírà. Láti ọdún 2019 títí di oṣù keje ọdún 2024, 30,000 náírà gan-an ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ máa gbà ní Nàìjíríà. Owó oṣù kan, fún ife oníke! Ó ń dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọmọ tó ń gba dọ́là ń fi dọ́là san owó ilé, àti pé kíkọ̀ tí Màmá kọ ife kò fi oúnjẹ sẹ́nu opó kankan nílé. Àfi bí a bá fi owó náà ránṣẹ́ ní tòótọ́. Ẹni tó kọ ife nítorí àwọn aláìní, tí owó náà sì jókòó sínú àpò rẹ̀, ahun ni ó ṣe, kì í ṣe àánú.

Ọ̀rọ̀ tó kù le ju èyí lọ, nítorí ó kan òtítọ́ ṣíṣe. Títí di nǹkan bí ọdún 2013, kò sí ohunkóhun lára ife Disney tí ẹ̀rọ lè fi mọ ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àwọn ènìyàn a máa tọ́jú ife ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọn a gbé e padà wá, wọn a máa rọ mínírà láìsanwó. Lọ́dún náà ni wọ́n fi ohun kíntínní kan sí ìdí ife, tí ẹ̀rọ ń kà. Ife tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, ẹ̀rọ kò ní dá a lóhùn. Àwíjàre àwọn tó ń gbé ife àtijọ́ wá ni pé ilé-iṣẹ́ náà lówó, pé omi àti ṣúgà inú rẹ̀ kò tó nǹkan, àti pé ife náà jẹ́ tiwọn. Ife jẹ́ tiwọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra kọ́ńgò gààrí kan lọ́dún tó kọjá, tó sì ra kọ́ńgò náà pẹ̀lú, ṣé yóò gbé e wá sí ìsọ̀ yín lọ́dún yìí pé kí ẹ tún bù ú kún? Pé ọjà wọ́n jẹ́ ìdí tí a fi lè fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Kò di ìdí tí a fi lè mú un.

Ẹ̀rọ ti gba ìdánwò yẹn kúrò lọ́wọ́ wa, ó fi òmíràn sílẹ̀. Ó mọ ife, kò mọ ẹnu. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ẹnì kan ni ife kan wà fún, tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà sì ra ẹyọ kan, tí wọ́n ń rọ ọ́ dà sínú ife mìíràn, kò sí ohun tí yóò dá wọn dúró. Èmi kò ka ọmọ tó mu ẹ̀kún ẹnu kan nínú ife ìyá àgbà rẹ̀ sí olè. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ náà dúró títí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yóò fi kọjú síbòmíràn, a ti kọ́ ọ ní nǹkan kan, yóò sì rántí rẹ̀ ju gbogbo eré tó rí nínú ọgbà lọ. Nítorí dọ́là mélòó?

Bí ẹ bá bi mí, ife kan tó fún Màmá tó fẹ́ràn tíì, bí ẹ bá sùn síbẹ̀ fún òru mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní ra ti àwọn ọmọ. Fún ẹni tó lọ fún ọjọ́ kan péré, omi oníyìnyín tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tí a ti lè rọ ọ́, ọjọ́ tí yóò parí, àti iye ẹni tó lè mu nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dé ilé, yóò lọ jókòó ti àwọn ife òkú àgbà àti ife ọjọ́ ìbí tó ti kún kọ́bọ́ọ̀dù wa, àwọn tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ ẹbí. Ó ní ìdérí, ó sì ní ìdímú tó nípọn, nítorí náà ó dára fún ògì gbígbóná.